Ẹ gbà mí o: wọ́n gbé orí idẹ Ifẹ̀ sára ìwé òṣómàáló

Ọmọ Onílé Obì (Iléṣà), Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ fọ̀rọ̀ kan lọ̀ yín.

Bàbá mi àgbà kọ ìwé ìtàn àròsọ kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1956. Ìtàn òṣómàáló ni: ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé àrán àti dàmáásìkì kiri abúlé, tó ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní dìde, kò sì ní jókòó, àfi bí owó bá jáde. Àwọn tó ka ìwé náà nígbà èwe wọn ṣì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀dà tó kù nílé kò ju mẹ́ta lọ, ọ̀kan nínú wọn ò sì ní èèpo mọ́. A ti tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, a ti yẹ àmì ohùn wò, ojú ewé 176 ló jẹ́. Ẹ̀dà 500 la fẹ́ kọ́kọ́ ṣe. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí títí yóò fi jáde, ẹ má bínú.

Èèpo ló kù. A gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe gíráfíìkì. Ohun tó gbé wá rèé: orí idẹ Ifẹ̀ gàdàgbà láàárín, oòrùn tó ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, igi kan ṣoṣo tí orí rẹ̀ tẹ́ bí agboòrùn, gbogbo rẹ̀ wá pupa bí epo. Ó wuni í wò, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí ìwé bàbá mi níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbà á bẹ́ẹ̀, pé bí ìwé ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ń rí nìyẹn. Màmá wa ní èèpo àtijọ́ ni ká lò, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ wa ní èèpo àtijọ́ jọ ìwé àdúrà. Kí ni kí n ṣe?

Tísà Fẹ̀yìntì (Ilé-Ifẹ̀), Ọjọ́ Ajé, 8:25 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ ìrántí bàbá. Ilé mi ò jìnnà sí agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, níbi tí wọ́n ti hú àwọn orí idẹ yẹn jáde ní 1938 nígbà tí wọ́n ń walẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́ láìbẹ̀rù: wọn ò níṣẹ́ kankan lára ìwé yín. Ojú ọba ni ojú yẹn. Kì í ṣe ojú ẹni tó ń lóṣòó nítorí ṣílè méjì.

Igi yẹn ńkọ́? Igi ẹlẹ́gùn-ún ilẹ̀ gbígbẹ ni. Àwọn atẹ̀wé òkè òkun ló sọ ọ́ di aṣọ ẹgbẹ́ fún gbogbo ìwé tó bá ti wá láti Áfíríkà, ì báà jẹ́ ìtàn Èkó, ì báà jẹ́ ti Nàìróbì. Ẹ gba ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ lọ, kòkó, ọ̀pẹ àti ìrókò lẹ ó rí. Ta ló rí igi agboòrùn níbẹ̀ rí?

Kì í sì í ṣe pé a ò ní ohun tiwa. Bruce Onobrakpeya ló ya àwòrán sínú àwọn ìwé Fágúnwà ní àwọn ọdún 1960. Ọmọ Urhobo ni, síbẹ̀ èèyàn á wo iwin tó yà, á mọ̀ pé inú igbó ilẹ̀ Yorùbá ló ti jáde wá. Ní Ifẹ̀ níbí, ní 1989, Móyọ̀ Òkédìjí, Kúnlé Fílàní, Tọ́lá Wéwé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀, wọ́n padà sídìí ọnà ara aṣọ, ara ògiri àti ara igi gbígbẹ́. Ẹ ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lọ wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó tún tan kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ọmọ Ìgbàlódé, Ọjọ́ Ajé, 8:31 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ò le tó báyìí o. AI wà! Ẹ kàn kọ ọ́ sí i pé òṣómàáló lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti yà á. Ọ̀fẹ́ ni. Mo ti ya mẹ́rin fún yín, ẹ wò ó nísàlẹ̀.

Ayàwòrán Modákẹ́kẹ́, Ọjọ́ Ajé, 9:10 àárọ̀

Mo wò ó. Èkíní ní ìka mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀tún. Èkejì kọ ilà tó jọ ẹsẹ̀ adìyẹ, mi ò mọ ìlú tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Ẹ̀kẹta jókòó sórí àga. Òṣómàáló wo ló ń jókòó sórí àga, ṣé àlejò ni? Ẹ̀kẹrin nìkan ló lóṣòó lóòótọ́, aṣọ Máàsáì, àwọn darandaran Kẹ́ńyà, ló sì ró.

Ọmọ Ìgbàlódé, Ọjọ́ Ajé, 9:12 àárọ̀

Hahaha. Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí ti Máàsáì yẹn o. Mo gbà.

Ìyá Oníwèé (Iléṣà), Ọjọ́ Ajé, 11:48 àárọ̀

Èmi ń tàwé ni, mi ò mọ̀ nípa ọnà. Ohun tí mo mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń rajà.

Ìwé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, orí tábìlì ni mo ń tẹ́ ẹ sí, gbogbo ayé á rí iwájú rẹ̀. Tó bá ti ku méjì mẹ́ta, ó ti dèrò orí pẹpẹ nìyẹn, spáìnì (etí tóóró tí a ti di ìwé pọ̀) nìkan ló kù tí èèyàn ń rí. Ibi tóóró yẹn ni ìwé yín máa gbé jù láyé rẹ̀, àwọn ayàwòrán kì í sì í rántí rẹ̀.

Oòrùn tún ń bẹ. Mo ní ìwé kan tó pupa fòò nígbà tó dé. Mo gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀ẹ̀rùn kan péré, pupa ti lọ, yẹ́lò ti lọ, ó ku búlúù ṣákálá bí ojú ẹni tí ibà gbé dè. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi pupa gbé gbogbo ẹwà ìwé náà ró, ẹ tún un rò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì jẹ́ kó jọ ìwé kíláàsì. Ọmọ tó bá ti rí ohun tó jọ ìwé ìdánwò ti sá.

Àǹtí Lọ́yà (Òṣogbo), Ọjọ́ Ajé, 1:05 ọ̀sán

Kí ẹ tó máa jà lórí àwọ̀, ta ló ni ẹ̀tọ́? Ọdún wo ni bàbá di olóògbé? Ǹjẹ́ wọ́n fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú atẹ̀wé ìgbà náà? Èèpo àtijọ́ tí màmá ń sọ yẹn, ta ló yà á?

Ọmọ Onílé Obì, Ọjọ́ Ajé, 1:40 ọ̀sán

Bàbá kú ní 1967. A rí ìwé àdéhùn nínú àpótí wọn: ìtẹ̀jáde kan péré ni wọ́n fún atẹ̀wé láṣẹ, ilé iṣẹ́ náà sì ti kógbá sílé tipẹ́. Ẹni tó ya èèpo, orúkọ rẹ̀ ò sí níbì kankan nínú ìwé náà.

Àǹtí Lọ́yà, Ọjọ́ Ajé, 2:15 ọ̀sán

Ó dáa. Nílẹ̀ wa, ẹ̀tọ́ ìwé wà fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tó kọ ọ́, àti 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú. Tiyín á dópin ní ìparí 2037. Ẹ̀yin àrólé lẹ ni ín, ẹ kàn rí i pé gbogbo ẹbí fọwọ́ sí i, kí ìbátan kan má lọ gbé ẹjọ́ dìde lẹ́yìn tí ìwé bá ti jáde.

Àwòrán èèpo yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ inú ìwé. Pé bàbá yín kọ ìwé kò sọ pé bàbá yín ló ni àwòrán ara rẹ̀. Ẹ ò mọ ẹni tó yà á, torí náà ẹ má fi ṣe èèpo ọjà tuntun. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sì sọ ibi tó ti rí fọ́tò orí idẹ yẹn. Orí lè ti pẹ́ láyé tó ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mẹ́fà, ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀ lè wà láyé lónìí.

Ọmọ Ìgbàlódé, Ọjọ́ Ajé, 8:50 alẹ́

Mo tún padà dé. Lọ́tẹ̀ yìí mo ronú. Ní 2013, David Pearson ṣe èèpo kan fún ìwé 1984 ti George Orwell, fún ilé iṣẹ́ atẹ̀wé Penguin: ó fi dúdú bo àkọlé àti orúkọ òǹkọ̀wé mọ́lẹ̀, nítorí ìjọba tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ ni ìwé náà ń sọ. Èèyàn á tẹjú mọ́ ọn kó tó rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣé a ò lè ṣe irú rẹ̀? Ká ṣe iwájú ìwé bí ojú ewé ìwé gbèsè, ká kọ àkọlé kékeré bí orúkọ onígbèsè, ká wá fa ìlà la á kọjá.

Tísà Fẹ̀yìntì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Ọgbọ́n wà níbẹ̀, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ìwé Orwell ti wà lẹ́nu gbogbo ayé láti 1949. Ẹni tí gbogbo ọjà mọ̀ lè fi ìbòjú rìn. Ìwé bàbá yìí, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti hewú. Bẹ́ ẹ bá bo orúkọ rẹ̀, ta ni yóò pè é?

Ìyá Oníwèé, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Ẹ ṣé, sà. Àwọn oníbàárà mi á ní ìwé àlòkù ni, wọ́n á ní kí n dín owó rẹ̀ kù.

Ayàwòrán Modákẹ́kẹ́, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:20 àárọ̀

Mo sùn lé ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i.

Òṣómàáló nìkan kọ́ ni ìtàn òṣómàáló. Èèyàn méjì ni: ẹni tó lóṣòó síta, àti ẹni tó sá pamọ́ sínú ilé, tí ilẹ̀kùn wá wà láàárín wọn. Ẹ ṣí ìwé yín tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ wá wo èèpo rẹ̀. Iwájú, ẹ̀yìn, spáìnì láàárín. Àbí ẹ ti rí i? Spáìnì ni ògiri. Ní iwájú, òṣómàáló lóṣòó, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fara ti ògiri, ẹrù aṣọ wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ní ẹ̀yìn, inú ilé ṣókùnkùn, onígbèsè ká ẹsẹ̀ jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, ó fi ọwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu kó má baà sọ̀rọ̀. Ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́ á rí ọ̀kan. Àfi tó bá yí i padà ni yóò rí èkejì.

Ẹ má jẹ́ ká fi kọ̀ǹpútà yà á. Màá gbẹ́ ẹ sórí línò (ohun pẹlẹbẹ rírọ̀ tí a ń fi ọ̀bẹ gbẹ́), màá fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́, a ó sì skáànù rẹ̀. Àwọ̀ méjì tó: búlúù aró, àti àwọ̀ bébà. Ohun tó pupa kan ṣoṣo ni etí àrán tó yọ jáde nínú ẹrù.

Ẹnì kan kọ sí mi ní kọ̀rọ̀ pé ká fi àdìrẹ bo gbogbo rẹ̀. Mo kọ̀. Òótọ́ ni pé àdìrẹ rẹwà, ṣùgbọ́n ọjà òyìnbó ni ọkùnrin inú ìwé yìí ń tà. Bí gbogbo èèpo ìwé Yorùbá bá ń wọ àdìrẹ, kí ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára igi agboòrùn yẹn?

Ọmọ Onílé Obì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:41 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n. Mo ka èyí sétí màmá wa. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní àwọn náà ti bo àbúrò àwọn lẹ́nu bẹ́ẹ̀ rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi.

Atẹ̀wé Lágéré (Ilé-Ifẹ̀), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Inú mi dùn sí àwòrán náà, àmọ́ èmi ni wọ́n máa ń bú tó bá bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi.

Ẹ̀yin ayàwòrán fẹ́ràn kí ìlà bọ́ sí etí spáìnì géérégé. Ẹ̀rọ ìdìwé ò mọ ìyẹn. Ìwé kan á yẹ̀ sọ́tùn-ún ní mìlímítà kan, òmíràn á yẹ̀ sósì ní méjì. Bí ògiri yín bá fẹ̀ tó spáìnì gẹ́lẹ́, nínú ẹ̀dà 500, bóyá 200 ni ògiri á wọ́ sínú ilé onígbèsè. Ẹ jẹ́ kí ògiri náà yọ kọjá sí iwájú àti ẹ̀yìn ní mìlímítà márùn-ún márùn-ún. Tó bá yẹ̀, ojú ò ní rí i.

Ta ló sì ṣírò spáìnì? Mo wo èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ṣe, mìlímítà 5 ló fi sí i. Ojú ewé 176 túmọ̀ sí ewé bébà 88. Bébà 80 gram, ewé kan nípọn tó mìlímítà 0.1. Ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, 8.8 ni, ẹ pè é ní 9. Ká ní a tẹ 5 yẹn ni, àkọlé á ti yọ sí iwájú ìwé bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n bébà ò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ẹ jẹ́ ká fi bébà tí a máa lò gan-an di dọ́mì kan (ẹ̀dà àpẹẹrẹ) ná, ká fi rúlà wọ̀n ọ́n, ká tó fi àwòrán sí i.

Ẹ jẹ́ kí àwòrán kọjá etí ibi tí a máa gé ní mìlímítà 3 yíká, bleed la ń pè é, kí funfun má baà yọ létí. Búlúù aró tẹ́ ẹ ń wò lórí fóònù yẹn, tó bá dórí bébà ó lè di àwọ̀ àlùkò. Kí magenta rẹ̀ (yíǹkì pupa) fi ó kéré tán ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ sí cyan (yíǹkì búlúù), á dúró ní búlúù. Ẹ ní kí wọ́n fi CMYK (àwọ̀ yíǹkì mẹ́rin tí a fi ń tẹ̀wé) ṣe é, kì í ṣe RGB (àwọ̀ iná ojú fóònù). Ẹ má sì fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi bíi fọ́tò lórí WhatsApp, ó ń fún un pọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, tàbí kí ẹ gbé e wá nínú fláṣì.

Art card 300 gram (páálí èèpo), lámínéṣọ̀nì mátì (ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í dán, tí a ń lẹ̀ mọ́ èèpo). Láìsí lámínéṣọ̀nì, dúdú yẹn á ṣẹ́ níbi tí èèpo ti ṣẹ́ po, funfun á yọ.

Ìyá Oníwèé, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Mátì kẹ̀? Lórí àwọ̀ ṣíṣókùnkùn? Ọwọ́ èèyàn márùn-ún péré, àmì ìka á ti kún ara rẹ̀. Èmi tí mò ń fi aṣọ nù ún láràárọ̀ ni kí ẹ bi. Gílọ́ọ̀sì, èyí tó ń dán, ni kí ẹ lò.

Atẹ̀wé Lágéré, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:22 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ ni pé mátì ń gba àmì ìka, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n gílọ́ọ̀sì á máa kọ mànà lórí àwòrán línò, á dà bí páálí bísíkíìtì. Ìwájú tó jẹ́ àwọ̀ bébà ò ní fi ìka hàn, ẹ̀yìn nìkan ni. Ẹ jẹ́ ká fara dà á.

Ìyá Oníwèé, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin lẹ ó máa wá nù ún.

Tísà Fẹ̀yìntì, Ọjọ́rú, 6:45 àárọ̀

Ohun kan ń bà mí lẹ́rù ju ọ̀rọ̀ spáìnì lọ: àmì.

Mo ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan nígbà kan fáwọn ọmọ iléèwé, lórí ohun èlò oko. Àkọlé rẹ̀ ni *Ọkọ́ àti Àdá*. Mo yẹ inú ìwé wò lẹ́ẹ̀mẹta. Èèpo nìkan ni mi ò yẹ̀ wò, torí pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Fọ́ǹtì (irú lẹ́tà kọ̀ǹpútà) ẹlẹ́wà kan ni ẹni tó ṣe é lò, fọ́ǹtì náà ò sì mọ àmì ìsàlẹ̀, ó gbé e mì. Ó dá tòkè sí. Mi ò ní kọ ohun tó kù fún yín síbí, ẹ fúnra yín yọ àmì ìsàlẹ̀ náà kúrò. Ẹ̀dà 300. Nílé ìjọsìn ni wọ́n ti kọ́kọ́ pín in.

Ọmọ Ìgbàlódé, Ọjọ́rú, 6:51 àárọ̀

Yéè! Bàbá! Mo ti ṣubú látorí bẹ́ẹ̀dì o.

Atẹ̀wé Lágéré, Ọjọ́rú, 8:00 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Mo ti rí irú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tó ń fà á ni pé lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kì í ṣe odindi kan nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ tàbí Ọ tó ní àmì ìsàlẹ̀ wà lọ́tọ̀, àmì ohùn wà lọ́tọ̀, fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe gbé ọ̀kan lé èkejì. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n á gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó pa á rẹ́. Charis SIL, Gentium àti Noto mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ sọ lẹ́tà di curves (àwòrán tí kò nílò fọ́ǹtì mọ́) nínú CorelDraw kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, torí kọ̀ǹpútà mi lè má ní fọ́ǹtì yín, á sì fi òmíràn dípò rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ayàwòrán Modákẹ́kẹ́, Ọjọ́rú, 8:40 àárọ̀

Lórí èèpo, èmi ò ní lo fọ́ǹtì rárá. Màá gbẹ́ àkọlé sórí línò pẹ̀lú àwòrán, ọwọ́ mi ni yóò fi àmì sí i. Kí Tísà kọ àkọlé náà fún mi lórí bébà, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Òdìkejì ni mò ń gbẹ́ ẹ, bíi pé inú dígí ni mò ń wò ó, àmì òkè sì rọrùn láti ṣì gbẹ́ níbẹ̀: ohùn òkè á di ohùn ìsàlẹ̀.

Atẹ̀wé Lágéré, Ọjọ́rú, 8:55 àárọ̀

Kí àmì ìsàlẹ̀ má sún mọ́ etí ibi gígé o. Ọ̀bẹ wa ò mọ Yorùbá.

Ẹ má sì gbàgbé bákóòdù, ìlà-ìlà tí ẹ̀rọ ọjà ń kà. Ìwé 1956 ò ní ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé), ẹ gba tuntun lọ́dọ̀ National Library. Ẹyọ nọ́ńbà 13 ló wà nínú rẹ̀, ti Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978. Kí ẹnikẹ́ni má fi pupa ṣe ìlà rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kà á ń fi iná pupa wò ó, ìlà pupa á dà bíi funfun lójú rẹ̀. Dúdú lórí funfun, kí àyè funfun wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀.

Ayàwòrán Modákẹ́kẹ́, Ọjọ́rú, 9:03 àárọ̀

Onígbèsè á nílò fèrèsé kan nínú òkùnkùn yẹn. Níbẹ̀ ni bákóòdù máa wà. Ìlà rẹ̀ á ṣe bí ọ̀pá fèrèsé.

Ọmọ Onílé Obì, Ọjọ́ Ajé (ọ̀sẹ̀ kẹta), 7:15 alẹ́

Ẹ kú àtìlẹ́yìn o. Dọ́mì dé lónìí. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tí a fi kún un ti sọ ìwé di ojú ewé 184, bẹ́ẹ̀ la tún spáìnì ṣírò: ewé 92, mìlímítà 9.2. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíráfíìkì yẹn ò bínú, òun ló skáànù línò náà tó sì to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èèpo àtijọ́ ti wà nínú àpótí padà, gẹ́gẹ́ bí Àǹtí Lọ́yà ṣe wí. A bò ó ní náílọ́ọ̀nù, màmá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ọlọ́bẹ̀ kàn án.

Mo gbé dọ́mì náà fún wọn. Wọ́n wo iwájú rẹ̀ títí. Wọ́n yí i padà, wọ́n rí onígbèsè àti ọmọ rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún yí i sí iwájú. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n bàtà òṣómàáló yìí mọ́ jù. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ wá láti Iléṣà?

Ayàwòrán Modákẹ́kẹ́, Ọjọ́ Ajé, 7:26 alẹ́

Ẹ bá mi kí màmá. Línò ṣì wà nílẹ̀, mò ń pọ́n ọ̀bẹ lọ́wọ́.